Orin Tí Bátìrì Kọ́ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun orí búlọ́ọ̀kù méjì kí n tó lè yọjú wo inú kànga ilé wa ní Mùṣin, èmi ni olórí ẹgbẹ́ orin tó le jù ní gbogbo àdúgbò wa. Mi ò purọ́. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ jẹ bàbá dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí ẹ yí táyà ògbólógbòó lójú títì, ẹ ó rántí pé láyé ìgbà yẹn, ọmọdé tó bá fẹ́ orin tirẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà yẹn gan-an mi ò rí òpin rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ti ohùn, ti ká mọ ibi tí orin ń lọ kó tó débẹ̀, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ṣì wà ní òpópónà wa, wọn á dárúkọ mi. Múfú ni wọ́n ń pè mí. Múfú Olóhùn.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ náà. Rẹ̀mí, ọmọ tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú, ló ń ta gìtá. Gálọ́ọ̀nù òróró ni gìtá náà. A fi pákó ṣe ọrùn rẹ̀, a fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ṣe okùn rẹ̀. Sìkírà, ọmọ káfíńtà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ló ń lu irin. Ọmọbìnrin ni, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé òòlù, ẹ tètè sún sẹ́yìn. Àwọn tó ń na ara ọkọ̀ tó ti wó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, gbà, gbà, gbà, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Wọ́n fún wa ní ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tí kò wúlò fún wọn mọ́, òun ni Sìkírà ń lù. Nítorí àwọn aládùúgbò wa yìí la ṣe sọ ẹgbẹ́ wa ní Irin Ò Sùn.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, orin wa dùn bí oyin. Rẹ̀mí mọ orin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Sìkírà mọ orin wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sáàrì, èmi mọ méjèèjì, a bá pa wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá inú ilé á gbọ́, wọn á mi orí, wọn á bu gúgúrú àti ẹ̀pà fún wa. Ìyá Rẹ̀mí tilẹ̀ fún wa ní búrẹ́dì tó fi sàdíìnì sí nínú lọ́jọ́ kan, mo sì jẹ tèmi tán kí n tó kọ ìlà kejì. Ká ní a dúró síbẹ̀ ni, bóyá gbogbo wa ì bá ti sanra.

Ẹ̀gbọ́n Tádé ló bà wá jẹ́. Àbúrò ìyá Rẹ̀mí ni, ó sì ti Lọ́ńdọ̀nù dé nínú oòrùn ọ̀sán, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ, òógùn bò ó bí ẹni tó jábọ́ sódò, síbẹ̀ kò bọ́ ọ. A rò pé ṣokoléètì ló kó dé. Kásẹ́ẹ̀tì ló kó dé. Ó pe àwa mẹ́ta jókòó, ó ní àwọn òyìnbó kan wà tí inú ń bí, tí wọ́n ń fi gìtá sọ ọ́. Ó ní àwọn yẹn kì í kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá ṣe àwo kan tí gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ju ohùn yẹn nù, wọ́n á wá òmíràn tẹ́nìkan ò gbọ́ rí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọ́n ń ju ohun tó dùn nù?”

Ó ní, “Múfú, kí àwọn fúnra wọn má baà sùn lọ ni.”

Ó fi kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún wa, ó ní ká fi etí ara wa gbọ́ ọ, ó sì wọkọ̀ lọ kí àwọn ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Rédíò bàbá Rẹ̀mí la fi gbọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló ń lò, tíṣà náà kì í sì í ra tuntun. Ẹ ẹ̀ gbàgbé ohun tí à ń ṣe sí bátìrì nígbà yẹn. À ń sá a sórí páànù nínú oòrùn bí ẹni sá ẹ̀lùbọ́. Tí kò bá tún gbọ́, a ó fi eyín tẹ̀ ẹ́. Eyín mi kan wọ́ títí dòní, bátìrì ló wọ́ ọ. Èyí tó wà nínú rédíò yẹn ti rí oòrùn ju àgbẹ̀ lọ.

A tẹ bọ́tìnnì. Gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò tí ìrẹsì ti jóná. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò kọrin, ó ń jà ni. Kò sí ẹni tó ń gbè é. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Ó ń fà, ó ń rọ, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ, títí ó fi dà bí ohùn màlúù, ó sì dákẹ́ wẹ́lo. A lọ sá bátìrì. Ó jí. Ó tún jà díẹ̀, ó tún kú.

Sìkírà mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i, ariwo tí mò ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa láti ọjọ́ yìí, orin ni!”

Ẹni tó lọ́gbọ́n lórí á mọ̀ pé bátìrì ló ń kú. Àwa ò mọ̀. Ṣé Ẹ̀gbọ́n Tádé ò ti sọ fún wa pé ohùn wọn máa ń yí padà ni? A gbà pé bí ohùn tuntun náà ṣe rí nìyẹn, a sì jókòó tì í bí ẹni ń kọ́ kéwú. Mo kọ́ bí a ṣe ń gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n sì jẹ́ kó jábọ́ kí n tó parí rẹ̀. Rẹ̀mí ń tú okùn gìtá rẹ̀ bó ṣe ń ta á lọ́wọ́. Sìkírà ń fa òòlù. A dánrawò débi pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan ò ṣáájú ẹnìkejì kú. Ẹ lọ wá ẹgbẹ́ orin tó lè ṣe ìyẹn lónìí.

Lẹ́yìn náà, a ṣe àwo. Àwo là ń pè é, kásẹ́ẹ̀tì ni. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù kan tí bàbá Rẹ̀mí ò gbọ́ mọ́ la mú, a fi bébà dí ihò méjì tó wà lórí rẹ̀ kó lè gba ohùn wa. Bátìrì mìíràn ni Rẹ̀mí yọ nínú tọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, nítorí àwo kì í ṣe ohun eré. Ní ojú kìíní, orin àkọ́kọ́ ni okùn kànga tó ń han. Orin kejì ni àkàrà nínú òróró, láti ìgbà tó wọ inú epo títí tó fi pọ́n. Rẹ̀mí jẹ nínú orin náà kó tó parí, à ń gbọ́ bó ṣe ń fẹ́ ẹnu. Orin kẹta, Sìkírà ń na ilẹ̀kùn ọkọ̀, èmi ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sókè pẹ̀lú ìbínú. Láàárín rẹ̀ ni ohùn oníwàásù yọ lójijì, ó ní “ẹ ronú pìwà dà,” ó sì tún lọ. A ò mọ bó ṣe ṣẹ́kù síbẹ̀. A fi í sílẹ̀, ó bá orin náà mu.

Ojú kejì ló kù. Ojú kejì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé èmi àti ìyá mi kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ìyá mi, àgbàfọ̀ ni. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà ló ń fọ̀, tó ń fi sítáàṣì sí títí aṣọ á fi lè dá dúró lóun nìkan. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ àjàgbé lọ sí òkè Ọya, ó lè pẹ́ gan-an kó tó yọjú, nítorí náà aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì yìí là ń jẹ. Ìyá Onílé, obìnrin gìrìwò kan tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, wá lọ fi àgádágodo sí ìdérí kànga. Agogo méje àárọ̀ ló ń ṣí i, kí mẹ́jọ tó lù, ó ti tì í. Ó ní omi ń gbẹ. Omi ò gbẹ, okùn tí a fi ń fà á ò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ilé ń kùn, ṣùgbọ́n inú yàrá ni kálukú ti ń kùn.

Ohun mìíràn tí Ìyá Onílé fẹ́ràn ni oorun ọ̀sán. Irin Ò Sùn ò sì jẹ́ kó sùn. Bó ṣe wá dúró síwájú yàrá wa ní ọjọ́ Ajé kan nìyẹn.

“Ìyá Múfú, irin tí ọmọ rẹ ń nà nínú ilé mi, ṣé orin ni àbí àìsàn?”

“Ẹ má bínú, mà. Orin ni wọ́n pè é.”

“Ó dáa. Ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n wá kọ ọ́ kí n gbọ́. Tó bá jẹ́ orin, mo gbà. Tó bá jẹ́ ariwo, kí ìwọ àti ọmọ rẹ máa wá ilé mìíràn. Ẹni tó fẹ́ yàrá yẹn ti ń dúró.”

Ìyá mi ò lù mí lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn aṣọ funfun tó wà lórí okùn. Níbo la ti máa rí ilé mìíràn tó sún mọ́ Ìdí-Àràbà, tó ní kànga, tí wọ́n á jẹ́ kí àgbàfọ̀ wọ̀? Mo lọ bá a, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní orin ìyìn ni mo máa kọ fún Ìyá Onílé, orí rẹ̀ á wú, òun fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀ wá pé ká má kó lọ. Ìyá mi wò mí lọ wò mí bọ̀, ó ní, “Ọlọ́run á gbọ́.”

Mo kọ orin náà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wo bó ṣe lọ:

Ìyá yìí pọ̀ fún wa,
Ìyá wa ni, kò ní fi wá sílẹ̀,
Ìyá yìí tó, ìyá yìí tó!

Àbí kò dáa? Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ibi tí kò ti jẹ́ ìyìn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń na ọkọ̀ la ti dán an wò, níbi tí ẹnìkan ò ti gbọ́ ẹnìkejì. Sìkírà nìkan ló dá òòlù dúró.

Ó ní, “Múfú, ìyá tí ò ń pè yẹn, kò dún bí ìyá létí mi o. Tó bá ń jábọ́ báyẹn...”

Mo ní, “Ta ni olóhùn nínú wa?”

Ó ní, “Ìwọ ni.”

Mo ní, “Nítorí náà, lu irin rẹ.”

Sátidé pé. Ìyá Onílé gbé àga síta, ó jókòó, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àpótí. Gbogbo ará ilé jáde pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, garawa òfìfo, nítorí wọ́n gbọ́ pé tí inú rẹ̀ bá dùn, bóyá á ṣí kànga. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n rẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì wà nínú ọṣẹ, kò sí omi tó máa fi ṣàn án. Ìfófò ọṣẹ ti ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Rẹ̀mí tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo gbé ohùn sókè, mo sì jẹ́ kó jábọ́ bí bátìrì ṣe kọ́ wa.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá gbọ́dọ̀ gòkè lẹ́yìn. Tí ẹ bá jẹ́ kó jábọ́, ìyà ló dà. Ohun tí gbogbo ilé gbọ́ lẹ́nu mi ni pé ìyà yìí pọ̀ fún wa, ìyà wa ni, kò ní fi wá sílẹ̀.

Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Sìkírà, káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀, kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Òótọ́ ọ̀rọ̀!” Ó na ìdí garawa rẹ̀, gbà. Ẹlòmíràn na tirẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ìlà kẹta, gbogbo ilé ti gbà á lẹ́nu mi: “Ìyà yìí tó! Ìyà yìí tó!” Garawa mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan, ìyá Rẹ̀mí tó jẹ́ ọmọ ìjọ jẹ́jẹ́ ń fi ìdérí ìkòkò lu ògiri. Àwọn tó ń na ọkọ̀ gbọ́, wọ́n bá wa na tiwọn láti òdìkejì. Èmi rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni. Mo ní nínú ara mi pé, Múfú, o ti dé ibi tí ò ń lọ. Mo tilẹ̀ gun orí búlọ́ọ̀kù kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Ìyá mi nìkan ni mo rí tó káwọ́ lérí. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Ìyá Onílé dìde. Gìtá Rẹ̀mí nìkan ló ń bá a lọ, nítorí ojú rẹ̀ wà ní dídì. Sìkírà gbá a lẹ́sẹ̀, ó dákẹ́.

“Ta ló kọ orin yìí?”

Mo gbé àyà síwájú. “Èmi ni, mà. Èmi nìkan.”

“Ta lo fi kọ?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin gan-an ni.”

Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ dákun, ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń sọ.”

“Jẹ́ kó sọ ọ́. Múfú, ìyá lo pè mí ni, àbí ìyà?”

“Ìyá ni, mà! Ìyá!”

“Tún un kọ.”

Mo tún un kọ. Ìgbà yẹn ni mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Mo gbìyànjú láti gbé e gòkè, ohùn ò gbọ́ mọ́, ó ti mọ́ ọn lára kó máa jábọ́.

Ìyá Onílé kọjú sí àwọn ará ilé. “Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbè é ńkọ́? Èwo lẹ̀yin ń pè?”

Bàbá Sìkírà wá fa ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ní, “Ìyá ni o, mà. Ọmọ yìí ló gbé e lé wa lẹ́nu bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀rín bú lẹ́nu ẹnìkan, ó sì yára fi garawa bo ojú.

Obìnrin náà wo garawa. Ó wo ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ìyá mi lọ́wọ́. Ó wo èmi tí mo ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ̀ kalẹ̀.

“Ìyá Múfú, dìde. Ẹ ò lọ síbì kankan.” Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ó dá a dúró. “Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá lé ọmọ yìí lọ sí òpópónà kejì, ibẹ̀ náà ló ti máa kọ ọ́, gbogbo Mùṣin á sì máa gbè é. Kó jókòó síbí tí ọwọ́ mi ti lè tó o.” Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní etí ìró, ó jù ú sínú ọpọ́n ìyá mi. “Lọ ṣí i. Má tì í mọ́.” Ó wá na ọwọ́ sí Rẹ̀mí. “Mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá.”

Bí àwo Irin Ò Sùn ṣe lọ nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo tí a ṣe, tojú tẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi fọ gbogbo aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tó sá èyí tó kẹ́yìn tán, ó ní kí n fi ìka kan kanlẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí aṣọ á fi gbẹ. Ìgbà òjò sì ni.

Ẹ̀gbọ́n Tádé padà láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, jákẹ́ẹ̀tì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. A kọ orin tiwa fún un. Ó wò wá bí ẹni wo aláìsàn. Ó lọ ra bátìrì tuntun mẹ́rin, ó fi kásẹ́ẹ̀tì òyìnbó náà sí i. Orin náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jábọ́ níbì kan. Ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí?” Rẹ̀mí mi orí, ó ní, “Wọ́n ti bà á jẹ́.” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Tiwa dáa ju tiwọn lọ.

Lónìí, sípíkà ni mò ń ṣe ní Sùúrùlérè. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ kí àdúgbò kejì gbọ́ àdúrà, mọ́ṣáláṣí tó bá fẹ́ kí ìrun dé etí ẹni tó ń sùn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá, kò sí onímọ̀ yunifásítì tó lè fi etí mọ wáyà tó já bíi tèmi. Mo ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìdí-Àràbà, èmi, ìyàwó mi àti ìyá mi wà nísàlẹ̀, omi ẹ̀rọ ń dà fún gbogbo ilé tọ̀sán-tòru. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló gba yàrá òkè. Orin ni wọ́n ń ṣe. Kò sí gálọ́ọ̀nù, kò sí òòlù, inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Tí ohùn wọn bá jábọ́, ẹ̀rọ á bá wọn gbé e. Nígbà tiwa, ẹni tó bá jábọ́ ti jábọ́ lójú gbogbo ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi ní ariwo wọn pọ̀, kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gòkè lọ. Kí n tó kan ilẹ̀kùn, mo fi etí lé e, mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń kọ lórin. Orin kan jẹ́ ti fóònù tó kú. Èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin kan ní Yábà. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ro mí, onílé ò sí nínú rẹ̀, yálà fún rere tàbí fún búburú. Mo bá kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú, Dádì,” wọ́n sì dín in kù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dín in kù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀ mọ́, bí mo tilẹ̀ pa tẹlifíṣọ̀n mi kí n lè máa gbọ́ wọn.